Bí mo ṣe di olùkọ́ tíátà àti Gẹ̀ẹ́sì ní Ìlú Ọba, àti lẹ́tà tó kó mi sí gbèsè

Lẹ́tà olójú-ewé kan ló sọ owó tí mo fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní Ìlú Ọba di nǹkan tí apá mi kò ká mọ́. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n ń wá nínú rẹ̀: pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ mi ní yunifásítì ní Nàìjíríà. Èmi tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì ṣeré lórí ìtàgé Ìbàdàn, tí mo sì fi kọ́ àwọn ọmọ girama nígbà tí mo ń sin ìjọba! Ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí òfin físà wọn kà sí elédè Gẹ̀ẹ́sì. Jàmáíkà wà níbẹ̀. Inú ṣì ń bí mi.

Oṣù kejì ọdún 2023 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọ̀nà fún àwọn olùkọ́ láti Nàìjíríà, Gánà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn láti gba QTS, ìwé-àṣẹ olùkọ́ wọn, láì tún ẹ̀kọ́ kọ́. Gbogbo wa la gbọ́ ariwo rẹ̀. Mo ka òfin náà délẹ̀: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ń wá. Tíátà kò sí níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà kò sí. PGCE, ẹ̀kọ́ ọdún kan tí ẹni tó ti ní dìgírì ń ṣe láti di olùkọ́, ló kù fún irú wa.

Fọ́ọ̀mù àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kò le. Ẹni tó ti dúró níwájú olùdarí eré rí kò ní bẹ̀rù ìyẹn. Wọ́n gbà mí, ṣùgbọ́n wọ́n ní àfi kí lẹ́tà yẹn dé kí àwọn tó lè gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Mo gba yunifásítì mi lọ. Ọkùnrin tó wà ní kàǹtà ní, “Àbúrò, ta ni kò mọ̀ pé òyìnbó la fi ń kọ́ni níbí?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, èmi mọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún ni kí ẹ bá mi kọ ọ́ sí.” Ó ní ẹ̀ka tíátà ló yẹ kó kọ ọ́. Ẹ̀ka kọ ọ́, Ìlú Ọba dá a padà: ọ̀dọ̀ rẹ́jísítírà ni kó ti wá. Mo padà lọ, wọ́n ní àwọn kò rí fáìlì mi. Nígbà tí fáìlì jáde, ẹni tí yóò buwọ́ lù ú ti rin ìrìn-àjò. Ó dé, iná kò sí láti fi tẹ̀ ẹ́. Mo san èyí tó ní rìsíìtì, mo san èyí tí kò ní. Ọjọ́ tí lẹ́tà tẹ̀ mí lọ́wọ́, ọdún ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè ẹlòmíràn ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n sì ní kí n tún ìwé ìbéèrè kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Oṣù kẹfà ọdún náà ni Báǹkì Àpapọ̀ jọ̀wọ́ náírà fún ọjà. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi náírà 470 lọ́wọ́ ìjọba kọjá 700 kí oṣù tó parí, pọ́n-ùn náà sì gòkè. Owó àsansílẹ̀ mi ti pé kí náírà tó ṣubú. Lẹ́yìn tó ṣubú ni lẹ́tà tó pé dé. Bákan náà ni owó oúnjẹ àti ilé tó gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 gbáko kí a tó béèrè físà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ta ọkọ̀ rẹ̀ kí n tó lè lọ. Ta ni yóò dá ìyẹn padà fún un?

Físà àti ìtẹ̀ka lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ní Àlágbọn ní Èkó, láti fi hàn pé a kò jẹ̀bi ọ̀ràn rí, ẹ ó rí wọn kà níbi púpọ̀.

Iṣẹ́ gan-an ni mo fi ń yangàn. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni tíátà wà, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé fi ń fẹ́ ẹni tó lè kọ́ méjèèjì. Ọjọ́ 120, ó kéré tán, ni akẹ́kọ̀ọ́ PGCE gbọ́dọ̀ lò nílé-ìwé. Wọ́n fún mi ní Shakespeare láti kọ́ àwọn ọmọ tí kò fẹ́ lanu. Mo ní kí wọ́n pa ìwé dé, mo pín wọn sí méjì bíi ti ààlọ́: apá kan ń lé, apá kejì ń gbè, pẹ̀lú àtẹ́wọ́. Kíláàsì náà gbiná! Ohun tí Ògúndé àti Dúró Ládipọ̀ fi ń di èrò mú láti ìlú dé ìlú nìyẹn, olùkọ́ àgbà tó ń mójú tó mi sì kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ pé kí àwọn yòókù wá wò ó.

Ẹ̀yin òṣèré tó fẹ́ wá, ọjọ́ tí ẹ bá lọ gba sabukéètì ni kí ẹ ti béèrè lẹ́tà náà, ì báà jẹ́ pé ẹ kò tíì mọ ibi tí ẹ ń lọ. Kí ó wà lórí ìwé tó ní orí lẹ́tà yunifásítì, pẹ̀lú ọdún tí ẹ wọlé, ọdún tí ẹ jáde, òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lù rẹ́jísítírà. Ẹ kà á tán níwájú kàǹtà kí ẹ tó kúrò. Bí wọ́n bá ti dá yín padà lẹ́ẹ̀kan, ẹ lọ ṣe IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń ná ni lówó, ọdún méjì péré ni èsì rẹ̀ sì fi ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò dúró de fáìlì ẹnikẹ́ni.