Bí mo ṣe yan iṣẹ́ àṣekágbá tó gba ẹ̀bùn

Iṣẹ́ 12 ni wọ́n kó síwájú àwa adájọ́ mẹ́ta ní Yábà, gbogbo rẹ̀ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì tó ń kọ́ṣẹ́ àkìtẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan ló máa gba ẹ̀bùn. Wọ́n ti bo orúkọ, nọ́ńbà ló kù, kò sì sí olùkọ́ tó darí ìkankan nínú wọn láàárín wa.

Ìwé tí wọ́n fi ṣàlàyé iṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ kà, kí n tó na bébà àwòrán. Àwòrán aláwọ̀ mèremère máa ń gba ojú, bó bá sì ti gbà á, àṣìṣe inú pláànì kì í hàn mọ́. Nínú 100, ẹwà àwòrán ní 10 péré, ìwádìí 30, pláànì 40; ọ̀nà tí wọ́n máa gbà kọ́ ilé náà, pẹ̀lú oòrùn àti òjò, ní 20.

Àtẹ̀gùn ni mo máa ń fi rúlà wọ̀n ṣáájú. Nínú iṣẹ́ kan, láti ilẹ̀ dé òkè jẹ́ mítà 3.6, ìgbẹ́sẹ̀ 14 ló yà. Ẹ pín in: ìgbẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ga tó milímítà 257. Ìyá àgbà wo ló fẹ́ gun ìyẹn? Bó bá fi milímítà 150 ṣe é, ìgbẹ́sẹ̀ á di 24, àtẹ̀gùn á gùn wọ inú yàrá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pláànì á sì tú.

Oòrùn ló tẹ̀ lé e. Èkó sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán wà. Iṣẹ́ mẹ́ta ṣíji bo gúúsù nìkan, bí ẹni ń kọ́lé sí Yúróòpù, wọ́n sì fi gíláàsì fẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, níbi tó ti ń jóni jù.

Nígbà tó ku méjì, mo gbé àwòrán lọ síbi tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí. Ọ̀kan dá lórí ilé Àgùdà kan, irú èyí tí àwọn tó padà dé láti Bràsíl kọ́, nítòsí Campos, ní Erékùṣù Èkó. Wọ́n wó Ilojo Bar, ilé Àgùdà mìíràn, ní 2016, bẹ́ẹ̀ ìjọba ti kà á sí ohun ìrántí láti 1956, ọ̀rọ̀ ilé wọ̀nyí kì í ṣe eré rárá. Mo wọn fèrèsé mẹ́ta. Ìyàtọ̀ sí àwòrán kò tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ náà rí i pé ògiri amọ̀ àtijọ́ kò lè gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun, ó wá gbé e lé òpó irin tó dúró lọ́tọ̀, ó fi àlàfo sílẹ̀ láàárín òpó àti ògiri, ó sì ya bí òjò kò ṣe ní gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹnì kan láàárín wa fún un ní 68, èmi fún un ní 85. A ò kàn ro ó pọ̀ ká pín in. A tún àwòrán tẹ́, a wo àlàfo yẹn pa pọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì gbé máàkì rẹ̀ sókè. Nínú ìwé ẹ̀bùn, a ò kọ “iṣẹ́ tó dára jù”. A kọ ọ́ pé: fún òpó tó gbé ilé tuntun láìfọwọ́ kan ògiri àtijọ́.