Bí a ṣe ń jáde lábẹ́ àpáta: ìtọ́jú ọgbẹ́ ọkàn àtijọ́

Nígbà tí ogun tú ilé àwọn Ẹ̀gbá ká, abẹ́ àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bá Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, dé ní nǹkan bí ọdún 1830 sá pamọ́ sí. Ẹni tí ó bá ti gun àpáta náà rí yóò rántí bí ihò abẹ́ rẹ̀ ṣe rẹlẹ̀ tó, tí àgbàlagbà fi ní láti tẹ̀ ba kí ó tó lè wọlé, yóò sì rántí àwọn ojú ihò tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta láti máa fi lọ ohun jíjẹ. Ibẹ̀ gba ẹ̀mí là. Síbẹ̀, nígbà tí ogun rọlẹ̀, wọn kò sọ ibẹ̀ di ilé. Wọ́n jáde, oníkálùkù sì kọ́lé sí àdúgbò tirẹ̀. Ìtàn yìí ni mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹnìkan bá bi mí léèrè bí a ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ìwà tí ìyà àtijọ́ gbìn sínú ẹni, nítorí pé ìwà náà kì í ṣe ìwà òmùgọ̀, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́. Àpáta tí a sá sí nígbà ogun ni. Ohun tí ó kù ni kí ara mọ̀ pé ogun ti parí, ara ni ó sì máa ń pẹ́ jù kí ó tó gbọ́.

Tèmi rèé. Ọmọ ọdún 9 ni mí nígbà tí wọ́n mú mi wá sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí kan ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀kọ ni mo ń kiri ní Láfẹ́nwá, bí owó bá sì dín, lílù ni. Kò pẹ́ tí mo fi mọ ìró kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni mọ ìlù: bí ó bá dún jẹ́jẹ́, mo lè mí; bí ó bá dún kíkankíkan, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀, tí mo ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀bẹ̀ àbẹ̀sílẹ̀ yẹn gbà mí lọ́wọ́ ẹgba lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí mo di ẹni ọdún 38, tí mo ti ní ilé ọkọ, tí ọkọ mi kò sì lù mí rí, àyà mi ṣì ń já bí ó bá ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, "ẹ má bínú" ni ọ̀rọ̀ tí ó sì máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi. Òun fúnra rẹ̀ ni ó bi mí ní ọjọ́ kan pé, "Kí ni mo ní kí o bẹ̀ mí fún?" N kò rí èsì fọ̀.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ọdún 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi àìsàn tí wọ́n ń pè ní PTSD, ìyẹn ọgbẹ́ ọkàn tí ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú ń fi sílẹ̀, sínú ìwé àìsàn wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó pa òwe ejò àti ekòló ti rí ohun tí wọ́n rí. Apá kékeré kan wà nínú ọpọlọ, amygdala ni wọ́n ń pè é, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kígbe kí apá tí ó ń ronú tó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bí ó bá ti kígbe, ọkàn á máa lù kìkì, èémí á kúrú, ẹ̀jẹ̀ á sáré lọ sí apá àti ẹsẹ̀ kí a lè sá tàbí kí a lè jà, ẹlòmíràn á sì gan bí igi. Kì í bèèrè ọdún tí a wà. Òórùn kan, ohùn kan, tàbí bí ẹnìkan ṣe gbójú ti tó fún un. Ìdí nìyí tí "gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn" kò fi ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́: kì í ṣe ìrántí nìkan ni ó ń dààmú wa, ara tí ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan ni.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ogun náà ti parí lóòótọ́. Bí ẹni tí ó ń lù yín bá ṣì wà nínú ilé, tàbí tí ọ̀gá tí ó ń fi ọwọ́ pa yín lára ṣì ń pè yín wọ yàrá, ẹ̀rù tí ó ń bà yín ń sọ òtítọ́ ni, kò sì yẹ kí ẹ kọ́ bí a ṣe ń pa á lẹ́nu mọ́. Ibi ààbò ni ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ sọ fún ẹni tí ó lágbára láti gbà yín sílẹ̀. Ìyókù ìwé yìí lè dúró.

Bí ó bá ti parí, ẹ ra ìwé kékeré kan, ìwé ọmọ iléèwé náà tó. Fún ọ̀sẹ̀ 2, ẹ má gbìyànjú láti yí ohunkóhun padà, ẹ kàn máa kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ní gbogbo ìgbà tí inú fùfù, ẹkún tàbí àyà jíjá bá dé, tí ó sì ju ohun tí ó fà á lọ, ẹ kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an, ohun tí ara yín ṣe, ohun tí ẹ̀yin ṣe lẹ́yìn rẹ̀, àti ọjọ́ orí tí ẹ rò pé ẹ wà ní ìṣẹ́jú yẹn. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ó ṣe mí lóore jù. Mo rò pé mo ti dàgbà, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 9 ni mo kọ síbẹ̀ nígbà 11 láàárín ọ̀sẹ̀ 2, ẹ̀ẹ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ nígbà tí oníṣòwò aṣọ kan ní Ìtòkú kàn bi mí bóyá mo fẹ́ ra mẹ́ta tàbí márùn-ún.

Bí ẹ bá ti mọ àwọn ohun tí ó ń ta ọgbẹ́ yín, ara ni ẹ máa kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, nítorí pé ẹni tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì kò lè gbọ́ àlàyé. Ẹ fi imú fa èémí sínú títí ẹ ó fi ka 4, kí ẹ sì tú u jáde díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi ka 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ ṣe é fún bí ìṣẹ́jú 5. Títú èémí jáde tí ó gùn ni ó ṣe pàtàkì, nítorí pé ìgbà tí èémí bá ń jáde ni ọkàn máa ń dín eré rẹ̀ kù. Ẹ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ẹ da omi tútù sójú. Ẹ ka ohun 5 tí ojú yín ń rí ní àkókò yẹn gan-an. Bí ẹ bá wà níbi gíga kan ní ìlú yìí, àwọn òrùlé páànù tí ó ti pọ́n fún ìpẹtà nìkan yóò kún ọwọ́ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé ibi báyìí ni mo wà, ọdún báyìí ni, ọmọ ọdún báyìí ni mí.

Ohun kan wà tí mo fi kún un fúnra mi, n kò rí i nínú ìwé kankan. Oríkì mi ni mo máa ń pe ara mi. Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n sọ mí, ẹni tí a bẹ̀ láti kẹ́, èmi tí mo sì lo ìgbà èwe mi lórí ẹ̀bẹ̀ ni mo ń jẹ́ orúkọ pé àwọn ẹlòmíràn ni ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n lè gbé mi jó. Bí mo bá pe ara mi bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ohùn tí ìyá mi àgbà fi ń pè mí, èjìká mi máa ń wálẹ̀. Ẹ dán tiyín wò.

Ní ti ọ̀rọ̀ sísọ, kì í ṣe dandan kí gbogbo ayé gbọ́. Ní ọdún 1986, James Pennebaker, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, àti ẹnìkejì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tí ó dùn wọ́n jù láyé sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 4. Inú wọn bàjẹ́ sí i nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n ní àwọn oṣù tí ó tẹ̀lé e, àwọn tí wọ́n kọ ìtàn náà pẹ̀lú ìmọ̀lára wọn kò lọ rí dókítà tó àwọn ìyókù. Àwọn ìwádìí ẹ̀yìn rẹ̀ fi hàn pé àǹfààní náà kò pọ̀ púpọ̀, nítorí náà ẹ má retí idán. Ẹ kọ ọ́, ẹ ya á tàbí kí ẹ tọ́jú rẹ̀, èyí tí ó bá wù yín. Bí ẹ bá máa sọ fún ènìyàn, ẹ yan ẹni kan tí kì í yára gbani nímọ̀ràn, kí ẹ sì sọ fún un ṣáájú pé, "Ẹ kàn gbọ́ mi ni." Ẹkún lè dé. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, ọkùnrin pẹ̀lú.

Iṣẹ́ tí ó le jù ni kíkọ́ ara ní ẹ̀kọ́ tuntun, nítorí pé sísá fún ohun tí ó ń bani lẹ́rù ni ó ń bọ́ ẹ̀rù náà. Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo jókòó sí pálọ̀, mo ní kí ọkọ mi dúró síta kí ó máa yí kọ́kọ́rọ́ nínú ilẹ̀kùn, jẹ́jẹ́ ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà pẹ̀lú ariwo, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lálaalẹ́. Iṣẹ́ tèmi kò ju kí n má dìde, kí n má sì sọ "ẹ má bínú" títí ara mi yóò fi rọ̀ fúnra rẹ̀. Mo ń fún ẹ̀rù náà ní máàkì láti 0 dé 10. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, 8 ni, ó sì rẹ̀ mí bí ẹni tí ó roko. Nígbà tí ó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, 3 ni, àwọn ará ilé kejì sì ti rò pé ilẹ̀kùn wa ti bàjẹ́. Ẹ mú ohun tí ó kéré jù nínú ìwé yín bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì fo àtẹ̀gùn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìfipábánilòpọ̀, ìjínigbé tàbí ìjàm̀bá ọkọ̀ tí ẹ̀mí ṣòfò nínú rẹ̀ ni, ẹ má dá ṣe ìgbésẹ̀ yìí.

Àwọn ẹbí yóò ní kí ẹ dárí jì. Mo mọ̀ pé ohun tí n ó sọ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn kan: ìdáríjì kì í ṣe àbáwọlé ìwòsàn. Mo ti rí ẹni tí wọ́n mú lọ́ranyàn láti dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí ó jẹ ẹ́ níyà, tí wọ́n ya fọ́tò, tí gbogbo ilé jẹ ìrẹsì, tí àlákálàá rẹ̀ sì padà ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Bí ìdáríjì bá máa dé, ẹ jẹ́ kí ó bá yín níbi tí ara yín ti balẹ̀; bí kò bá tíì dé, ẹ lè wò sàn, kí ẹ sì jìnnà sí ẹni náà. Àdúrà dára. Kí ẹ má sáà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dè yín mọ́lẹ̀ tàbí kí ó nà yín ní orúkọ àdúrà.

Bí ó bá ti ju oṣù 1 lọ tí oorun kò wá, tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ń padà bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, tí iṣẹ́ tàbí ìtọ́jú ọmọ kò ṣeé ṣe mọ́, tàbí tí ọtí ti di ohun tí ẹ fi ń sùn, ó ti tó kí ẹ rí dókítà. Bí èrò ikú bá wá sọ́kàn, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ, kí ẹ má dá lọ. Mo mọ bí orúkọ Arò, ilé ìwòsàn àwọn aláìsàn ọpọlọ, ṣe ń dún létí wa: ní Abẹ́òkúta yìí, bí ọmọdé bá ṣe wèrèwèrè, a ó ní kí wọ́n mú un lọ sí Arò. Àwàdà yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ọgbẹ́ wọn jókòó sílé. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Adéoyè Lámbò, dókítà ọpọlọ tí ó bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Arò ní ọdún 1954: àwọn aláìsàn ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn nínú ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń padà sáàárín ènìyàn, òun náà sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ayé wá wò ó. Ó mọ̀ pé àárín ènìyàn ni ènìyàn ti ń yá. Ìtọ́jú tí ẹ lè béèrè fún lónìí ni ti ọ̀rọ̀ sísọ tí ó dojú kọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà tààrà pẹ̀lú onímọ̀, tàbí èyí tí wọ́n ń pè ní EMDR, tí a fi ń rántí ìṣẹ̀lẹ̀ náà nígbà tí ojú ń lọ sọ́tùn-ún sósì. Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí méjèèjì ní ọdún 2013. Ẹ mú ìwé ọ̀sẹ̀ 2 yẹn dání lọ, yóò gba dókítà lọ́wọ́ ìbéèrè wákàtí kan.

Ìgbà kan á wà tí gbogbo rẹ̀ yóò padà. Ó sábà máa ń jẹ́ àkókò tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà wáyé, nítorí pé ara mọ oṣù ju bí a ti rò lọ. Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n mú mi wá sí ìlú yìí, bí eruku ọyẹ́ bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bo Olúmọ, oorun mi máa ń fọ́. Mo ti ń fi bírò pupa sàmì sí ọ̀sẹ̀ náà lórí kàlẹ́ńdà báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, n kì í gba àlejò, mo máa ń tètè jẹun alẹ́, ọkọ mi a sì máa pe Àbẹ̀kẹ́ láti ẹnu géètì kí ó tó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò.