Ẹ̀yin Ọmọ Tíátà Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, Ẹ Má Fi Eré Ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ Ṣòfò

Ọmọ tó bá rí àyè wọ inú eré orí tẹlifíṣọ̀n lóde òní, inú rẹ̀ á dùn, ará ilé á bá a yọ̀, fọ́tò lokéṣọ̀n, ibi tí wọ́n ti ń ya eré, á sì kún orí Facebook kí oṣù tó parí. Kò burú. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ wọn ń ti ibẹ̀ jáde láì kọ́ nǹkan kan, wọ́n á wá máa sọ pé àwọn òṣèré àgbà ló di àwọn lọ́nà. Mi ò rí ibi tó dára ju eré ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lọ tí ọ̀dọ́ lè ti kọ́ṣẹ́ yìí, torí pé ẹ̀dá ìtàn kan náà lo máa ń padà sí láti ìpín dé ìpín, wàá sì máa rí ara rẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ibi tó dáa, ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Fíìmù kì í fúnni nírú àyè bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá gbé ìṣe gbajúmọ̀ lọ síbi ìkọ́ṣẹ́, ọwọ́ òfìfo ló máa gbé bọ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni fífojú tẹ́ńbẹ́lú wakapáàsì, ìyẹn ipa kékeré tí èèyàn kàn ń gbà kọjá. Wọ́n ní kí ọmọ gbé omi fún àlejò, kó kúnlẹ̀, kó jáde. Ó ní òun ò lọ kàwé tíátà ní Àgọ́-Ìwòyè tán kí òun tún wá máa gbé omi. Ta ló wá sọ fún un pé ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀? Ọmọdé ni Genevieve Nnaji nígbà tó kópa nínú eré tẹlifíṣọ̀n Ripples. Ọdún 1998 ni Funke Akindele wọ inú eré tẹlifíṣọ̀n I Need to Know. Ó di 2008 kí Jenifa, fíìmù tó sọ ọ́ di gbajúmọ̀, tó jáde. Ẹ tún wo The Village Headmaster, eré tí Ṣẹ́gun Olúṣọlá, ọmọ Ìpẹru Rẹ́mọ, dá sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1968, tó sì lò tó nǹkan bí ogún ọdún. Amẹ́bọ inú rẹ̀ kì í ṣe ọba ìlú, kì í ṣe ọ̀gá ilé ìwé, olófòófó àdúgbò lásán ni. Ẹ lọ béèrè lọ́jà Òkè-Àje bóyá ẹnikẹ́ni wà tí kò mọ orúkọ yẹn.

Àwọn tó ti ṣeré ní ṣọ́ọ̀ṣì àti nílé ìwé ní wàhálà tiwọn: ariwo. Ilẹ̀ wa níbí ni Hubert Ògúndé ti wá, ọmọ Ọ̀sọ́sà, tó dá ẹgbẹ́ eléré sílẹ̀ lọ́dún 1945. Lórí ìtàgé nígbà náà, o gbọ́dọ̀ gbóhùn sókè kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn lè gbọ́. Lójú kámẹ́rà, gbohùngbohùn ti wà lókè orí rẹ, kámẹ́rà sì sún mọ́ ọ débi pé bí ìpéǹpéjú rẹ bá gbọ̀n, àwọn tó wà nílé rí i. Nítorí náà, má pariwo, má sì fi ojú ṣe ìdárò lọ́nà mẹ́fà. Èyí tó burú ju ariwo lọ ni ti ẹni tó há ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìkan sórí. Bí ẹnì kejì bá ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ á kú, ètè rẹ̀ á máa mì wúyẹ́wúyẹ́, ó ń ka tirẹ̀ sínú de ìgbà tó máa kàn án. Ka gbogbo sínì náà, ìyẹn abala ìtàn tí ẹ fẹ́ yà. Ìdajì iṣẹ́ òṣèré, etí ni.

Ti kọntinúítì, ìyẹn kí irun, aṣọ àti ìṣesí rẹ bára mu láti sínì kan dé èkejì, ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí òun ni wọn kì í kọ́ ọmọ nílé. Wọn kì í ya eré bí ìtàn ṣe tẹ̀ léra. Bí wọ́n bá ti gba ilé kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, gbogbo sínì tó jẹ mọ́ ilé yẹn ni wọ́n máa yà pọ̀, ìbáà jẹ́ ti ìpín kìn-ín-ní tàbí ti ìkẹjọ. Ọmọbìnrin kan á fi irun sùkú jáde lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òde kàn án, ó ti lọ ki àtáṣímẹ́ǹtì bọ orí. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n fẹ́ ya ibi tó ti dé ojú títì, bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn, kò tíì ju ìṣẹ́jú kan lọ tó kúrò nílé. Wọ́n á tú irun, ìdajì ọjọ́ á lọ, owó epo jẹnẹrétọ̀ àti owó oúnjẹ gbogbo èèyàn á lọ. Olùdarí ò ní gbàgbé orúkọ rẹ̀ láé.

Ẹ jẹ́ ká mú sínì tí kò le rárá. Ọmọkùnrin kan ń mu gààrí Ìjẹ̀bú, bàbá rẹ̀ ń bá a wí. Wọ́n á yà á láti ọ̀ọ́kán, wọ́n á tún un yà láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n á sún mọ́ ojú bàbá, wọ́n á tún wá sún mọ́ ojú ọmọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ ń sọ látòkèdélẹ̀. Bí o bá gbé ṣíbí sẹ́nu nígbà tí bàbá sọ pé “ọ̀lẹ” ní tékì àkọ́kọ́, ìyẹn ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n yà á, orí “ọ̀lẹ” yẹn náà ni ṣíbí gbọ́dọ̀ máa dé ẹnu rẹ títí wọn ó fi parí. Ọwọ́ wo lo fi di kọ́ọ̀bù mú? Omi rẹ̀ ga dé ibo? Gààrí fúnra rẹ̀ kì í dúró deni: èyí tó lé téńté lórí omi nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ á ti wú kí ẹ tó dé tékì kẹrin, ẹ ó ní láti da òmíràn. Ẹni tó ń bójú tó kọntinúítì á máa ya fọ́tò, àmọ́ kò lè ṣọ́ ọwọ́ gbogbo yín tán. Má sì jẹ́ kí ebi tàn ọ́ o. Ẹni tó bá mu kọ́ọ̀bù kan tán ní tékì àkọ́kọ́, kó mọ̀ pé márùn-ún ṣì ń bọ̀.

Bí sínì rẹ bá parí, má sá lọ sídìí fóònù. Lọ dúró sẹ́yìn kámẹ́rà, kí o wo bí àgbà òṣèré ṣe ń ṣe ohun kan náà nígbà márùn-ún láì jẹ́ kó di àdákọ. Ó sì yà mí lẹ́nu bí àwọn ọmọ wa ṣe ń fi ohùn Ìjẹ̀bú pamọ́, àfi bí wọ́n bá ní kí wọ́n pani lẹ́rìn-ín, ni wọ́n á wá máa bù ú kún. Sọ ọ́ bí ìyá rẹ àgbà ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má sanwó ra ipa fún ọmọ yín. Owó ìkọ́ṣẹ́ yàtọ̀: olùkọ́ wà, ọjọ́ ìkọ́ni wà, ẹ lè lọ wo ibẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó wá kí ọmọ yín lè di ọ̀gá inú eré, owó yẹn ni eré tirẹ̀. Ọmọbìnrin tí wọ́n bá sì pè sí òtẹ́ẹ̀lì lálẹ́ pé kó wá ṣe ìdánwò, kó má lọ. Kò sí àlàyé kankan tó lè sọ ọ́ di ohun rere.

Kí o tó wọ mọ́tò lọ sí lokéṣọ̀n, béèrè iye ọjọ́ tí o máa lò, ẹni tó máa san owó ọkọ̀, ibi tí o máa sùn, iye owó rẹ àti ọjọ́ tó máa wọlé. Bí wọ́n bá ní àwọn kì í ṣe ìwé àdéhùn fún ọmọ kékeré, kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp pẹ̀lú ọ̀wọ̀, “Ẹ káàárọ̀ sà, ohun tí a jọ sọ lánàá nìyí,” kí o sì dúró kí wọ́n fèsì kí o tó di ẹrù.