Láti Ìlọrin dé Accra: ìwé tí ẹ ó mú dání àti òǹtẹ̀ tí ẹ ò gbọdọ̀ fò

Ọmọ Nàìjíríà kì í gba físà kó tó wọ Gánà. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní 1979 ló fún wa láàyè láti wọ ilẹ̀ ara wa, ká sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Ìyẹn ló ń mú kí àwọn kan nínú wa rò pé èèyàn kàn lè wọkọ̀ ní gáréèjì kó máa lọ. Físà nìkan ni àdéhùn náà yọ kúrò o. Ìwé ṣì wà.

Páàsípọ́ọ̀tì ló ṣáájú. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ó ti kọ orúkọ, tí ẹ ó ti sanwó, kí ẹ tó lọ ya fọ́tò, kí ẹ sì tẹ̀ka ní ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n ní Ìlọrin. Kò ṣeé ṣe láìsí NIN. Kí orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN bá ti ìwé ìbí yín mu, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti sábà máa ń dúró. Ẹni tó ti ní páàsípọ́ọ̀tì tẹ́lẹ̀, kó rí i pé ó ṣì ku oṣù mẹ́fà ó kéré tán kó tó kú.

Ó kan abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, èyí tí a fi ń gba káàdì yẹ́lò. Ẹ gbà á ṣáájú ìrìn àjò, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá, torí káàdì náà kì í ṣiṣẹ́ kó tó dìgbà yẹn. Láti 2016, ẹni tó bá ti gbà á lẹ́ẹ̀kan ti gbà á títí ayé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra káàdì lọ́wọ́ ẹni tí kò gún yín lábẹ́rẹ́. Àrùn náà ń pani.

Ibodè gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ bá gba orí ilẹ̀, ibodè mẹ́ta lẹ ó kọjá: Sẹ̀mẹ̀ sí Benin, Hillacondji sí Tógò, Aflao sí Gánà. Níbi kọ̀ọ̀kan, orílẹ̀-èdè tí ẹ ń fi sílẹ̀ á lu òǹtẹ̀ ìjáde, èyí tí ẹ ń wọ̀ á lu ti ìwọlé. Òǹtẹ̀ mẹ́fà nìyẹn. Awakọ̀ tó ń kánjú lè ní kí ẹ jókòó, kí ẹ kó páàsípọ́ọ̀tì àti owó fún ẹnì kan tí yóò bá yín lù ú. Ẹ má gbà. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ ara yín dé ojú fèrèsé wọn, kí wọ́n lù ú lójú yín, kí ẹ sì ka ọjọ́ tó wà lára rẹ̀. Ẹni tí kò ní òǹtẹ̀ ìwọlé kò ní ohun tí yóò fi hàn pé 90 ọjọ́ òun kò tíì pé.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ara yín lẹ ń wà, ẹ gba ìwé adójútòfò ECOWAS tí wọ́n ń pè ní Brown Card.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ti àlejò ni 90 ọjọ́ yìí. Òfin Gánà ti 2013 fi títa ọjà nínú ìsọ̀ àti kíkiri ọjà sílẹ̀ fún ọmọ Gánà nìkan. Ẹ lè rajà, ẹ lè kí ẹbí. Ẹ má pàtẹ. Àwọn àgbà ní Ọ̀fà àti Ìlọrin ò gbàgbé 1969, nígbà tí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, fún àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò.

Bí 90 ọjọ́ kò bá ní tó yín, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n Gánà kó tó pé, kí ẹ tọrọ àfikún.