Bí mo ṣe gba ife nínú géèmù ìfọ́kọ̀ olówó pọ́ọ́kú

Iṣẹ́ panẹ́lì-bítà ni mo ń ṣe ní Kabba. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ń gbà bọ̀ láti Obajana, ojoojúmọ́ sì ni wọ́n ń wọ́ mọ́tò tó fi imú gbá igi tàbí tó já sí kòtò wá bá mi. Nígbà tí mo wá rí disiki géèmù kan lórí àtẹ lọ́jà, tí wọ́n ya mọ́tò tí bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ká bí ewé gbígbẹ sí ara páálí rẹ̀, mi ò lè gbé e sílẹ̀ mọ́. Owó tí mo fi rà á kò tó owó iyán àti ẹran ní búkà.

Ìdíje tí wọ́n ń pè ní demolition derby ni géèmù náà dá lé. Ní Amẹ́ríkà, ibi àjọ̀dún àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń ṣe é. Àwọn awakọ̀ á kó ògbólógbòó mọ́tò wá sójú pápá, wọ́n á ti yọ gíláàsì rẹ̀ kúrò, wọ́n á wá máa kọlu ara wọn títí yóò fi ku ẹyọ kan tó ṣì lè rìn. Ó ti pẹ́ tó ti wọ inú géèmù. Ọdún 1995 ni Destruction Derby jáde sórí PlayStation àkọ́kọ́. FlatOut dé ní 2004 láti ọwọ́ àwọn ará Finland; nínú géèmù yẹn, awakọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń fò gba ojú gíláàsì jáde. Àwọn kan náà ló ṣe Wreckfest tó jáde ní 2018. Èyí tí mo rà kò tó wọn ṣẹgbẹ́, àmọ́ PS2 (PlayStation kejì) àlòkù mi lè gbé e, mo sì pinnu pé n ó jà á dé òpin.

Lígì mẹ́ta ló ní, ìdíje márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí n mú mọ́tò kan nínú mẹ́ta, mo sì mú stéṣọ̀n wágọ́ọ̀nù gígùn kan, torí mo mọ ohun tí irin tó wúwo lè ṣe. Ìgbà mẹ́ta ni mo wọlé, ìgbà mẹ́ta náà ni wọ́n lé mi jáde kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Mò ń sáré lọ forí sọ wọ́n ni, èéfín á bo mọ́tò mi, á sì dákẹ́.

Ọmọ iṣẹ́ mi tó jókòó tì mí ló là mí lójú. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún wa pé mọ́tò tó bá fi imú gbá nǹkan, rédíétọ̀ ló kọ́kọ́ ń kú?"

Rédíétọ̀ ló ń fi omi mú ẹ́ńjìnnì tutù, iwájú mọ́tò ló sì wà. Mo wo ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n dáadáa. Ìlà kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń pupa sí i nígbàkúgbà tí mo bá fi imú gbá ẹnikẹ́ni. Tí mo bá fi ìdí gbá wọn, kì í mira. Mo bá fi mọ́tò sí rìfáàsì, mo sì fi ẹ̀yìn rìn jálẹ̀ ìdíje náà. Bí àwọn awakọ̀ gidi ṣe ń ṣe lójú pápá gan-an nìyẹn: ìdí mọ́tò ni òòlù wọn, imú ni wọ́n ń dáàbò bò. Mo gbà tọkàntọkàn pé ẹni tó ṣe apá yìí nínú géèmù ti fọwọ́ kan mọ́tò tó fọ́ rí. Ìwúwo rẹ̀ náà dáa. Tí stéṣọ̀n mi bá fi ìdí sọ mọ́tò kékeré, kékeré á pòyì, pádì tí mo fi ń darí géèmù á sì gbọ̀n títí dé ìgbọ̀nwọ́ mi. Àwọn tó ń kọjá á kí wa ní "ọ̀kún o", wọn á sì dúró wòran.

Ara mọ́tò ni wọ́n ti já mi kulẹ̀. Mo ṣe ìdánwò kan. Mo rọra fi ẹ̀gbẹ́ òsì kan ògiri, ilẹ̀kùn wọnú. Mo tún un bẹ̀rẹ̀, mo fi eré burúkú sọ ọ́ mọ́ ògiri kan náà, ilẹ̀kùn tún wọnú, ìwọ̀n kan náà, ìlà kan náà láti abẹ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn dé ìsàlẹ̀. Ó hàn pé wọ́n ti ṣe ilẹ̀kùn tó tẹ̀ sílẹ̀, òun ni wọ́n ń fi rọ́pò èyí tó jọ̀lọ̀. Irin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbá mọ́tò lẹ́yìn gidi, mo lè dúró níwájú kí n rí i pé àlàfo ilẹ̀kùn ti fún lókè, ó ti là nísàlẹ̀, nígbà tí nǹkan kan kò kan ilẹ̀kùn ọ̀hún. Ìyà máa ń rìn nínú irin. Ní Wreckfest, ara mọ́tò ń tẹ̀ síbi tí nǹkan bá ti bà á ni. Nínú tèmi yìí, àwòrán lásán ni.

Ohun tó tún dùn mí jù ni pé géèmù náà kì í fi nǹkan pamọ́ sínú mẹ́mórì káàdì àfi tí lígì bá parí. Mo wà nínú ìdíje kẹrin lígì kejì, èyí tí ojú ọ̀nà rẹ̀ gba àárín ara rẹ̀ kọjá bí òǹkà 8, ni iná lọ. Gbogbo rẹ̀ ṣòfò. Láti ọjọ́ náà, mi ò bẹ̀rẹ̀ lígì kankan láìjẹ́ pé epo kún inú jẹnẹrétọ̀.

Ní lígì kẹta, mọ́tò mẹ́jọ ló wà lójú pápá, èmi sì ni àwọn méje tó kù ń lé. Bí méjì bá tiẹ̀ kanra wọn, wọn á yà fún ara wọn kí wọ́n lè dé ọ̀dọ̀ mi. Ìrẹ́jẹ pátápátá ni, ó sì bí mi nínú fún ọjọ́ mélòó kan. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ibẹ̀ ni ọ̀nà àbáyọ wà. Mo lọ sí igun pápá, mo kọ imú sí ògiri, mo yọ ìdí síta, mo dúró. Wọ́n ń sáré bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi imú ara wọn fọ́ sí ìdí mi. Aago kan wà tó ń lé ẹni tí kò bá gbá ẹnikẹ́ni láàárín ogún ìṣẹ́jú-àáyá jáde, nítorí náà mò ń sún síwájú díẹ̀, mò ń fi ìdí pàdé wọn. Rédíétọ̀ mẹ́fà kú bẹ́ẹ̀. Ìkeje nìkan ni mo jáde lọ bá, ọmọ iṣẹ́ mi sì fò sókè kí n tó gbá a.

Wọ́n gbé ife jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì gbé stéṣọ̀n mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn kí n lè rí ìdí tó gba gbogbo ìyà yẹn. Ó ń dán yanran, bóòtù rẹ̀ tẹ́jú, kò sí ojú ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀.