Bí ẹ ṣe lè se àbùlà ará Ìbàdàn nílé yín: àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú

Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Ọkà tí wọ́n ń wí náà ni àmàlà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ mi tó mọ ojú ọ̀nà gbogbo bùkà Ìbàdàn ni kò lè ro àmàlà nílé ara wọn kó má ní kókó. Àwọn tó mọ̀ ọ́n rò, gbẹ̀gìrì ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lójú tèmi, gbẹ̀gìrì ni ọba àbùlà. Kí àmàlà dán, kí ẹran kún inú abọ́, bí gbẹ̀gìrì bá ki bíi mọ́ínmọ́ín tàbí tó ń ṣàn bí omi ẹ̀wà, oúnjẹ yẹn ti bàjẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ lọ jẹ ẹ́ níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n sè

Ahọ́n tí kò bá mọ adùn nǹkan kò lè tọ́ ọwọ́ sọ́nà. Bí ẹ bá wà ní Èkó, ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà Ìbàdàn lọ́dún 2021 á gbé yín láti Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tta dé Mọ́níyà. Ẹ wọ takisí tó ń lọ sí Bódìjà níbẹ̀. Kí ẹ tó béèrè pàápàá, wọ́n á ti júwe Àmàlà Skye fún yín, ṣùgbọ́n bùkà kéékèèké tí kò ní àkọlé kankan náà wà káàkiri Ìbàdàn tó tó í bá a dọ́gba.

Ẹ lọ láàárín aago méjìlá sí méjì ọ̀sán, nígbà tí èrò pọ̀, tí wọ́n ń ro àmàlà léraléra. Bí ẹ bá dé bùkà tí ẹ kò mọ̀, ojú ewédú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ewédú tó bá tutù yọ̀yọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná ni. Èyí tó bá ti ń pọ́n bí ewé gbígbẹ ti pẹ́ nínú ìkòkò. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ ìyá olóúnjẹ kí wọ́n bu gbẹ̀gìrì díẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n má tíì dà á pọ̀ mọ́ ewédú. Ẹ tọ́ ọ wò lásán. Adùn yẹn ni ẹ ó gbé lọ sílé.

Èlùbọ́

Inú oko iṣu ni àmàlà ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á bẹ iṣu, wọ́n á gé e, wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi tó gbóná tí kò hó, wọ́n á fi í sínú omi náà di ọjọ́ kejì, lẹ́yìn náà ni wọ́n á sá a sóòrùn fún ọjọ́ mélòó kan títí á fi gbẹ kankan. Ìyẹn ni wọ́n ń lọ̀ di èlùbọ́. Ẹnikẹ́ni kò po aró mọ́ àwọ̀ rẹ̀. Bíbọ̀ àti sísá yẹn ló ń sọ iṣu funfun di aláwọ̀ eérú, bí omi gbígbóná bá sì tún kàn án, á dúdú sí i. Láti Òkè-Ògùn, bíi Ṣakí àti Ìgbòho, ni èlùbọ́ tó dára ti máa ń wọ Ìbàdàn.

Nígbà kan, mo ra èlùbọ́ lálẹ́ nítorí pé ó pọ́ọ́kú, n kò sì fọwọ́ kàn án. Òkèlè àkọ́kọ́ ni eyín mi ti ń họ iyanrìn. Gbogbo ìkòkò náà ni mo dà nù, ó sì dùn mí gan-an, nítorí àlejò wà nílé. Láti ọjọ́ náà, ọ̀sán ni mò ń ra èlùbọ́. Mo máa ń bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, màá fi ìka rà á, màá gbóòórùn rẹ̀, màá sì fi ìwọ̀nba díẹ̀ sẹ́nu. Òórùn iṣu gbígbẹ ló yẹ kó ní, kì í ṣe òórùn kíkan, kì í sì í ṣe ti bíbu. Èyí tó tún dára jù ni kí ẹ ra ègé iṣu gbígbẹ, kí ẹ gbé e lọ sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ nǹkan gbígbẹ nìkan, kí ẹ sì fi asẹ́ jọ̀ ọ́ bí ẹ bá délé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílẹ̀ òkèèrè, èlùbọ́ inú ọ̀rá wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa, bíi ti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ewédú dídì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ jọ èlùbọ́ náà kí ẹ tó lò ó, ì báà jẹ́ inú ọ̀rá tó lẹ́wà ló ti wá.

Gbẹ̀gìrì

Òun ló pẹ́ jù lórí iná, nítorí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kaná. Fún èèyàn mẹ́rin, ife ẹ̀wà 1 ti tó.

Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi fún bí ìṣẹ́jú 15, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á títí èèpo á fi máa bó. Ẹ da omi lé e, èèpo á léfòó, ẹ dà á nù, kí ẹ tún un ṣe títí ẹ̀wà á fi funfun nini. Suuru ni ibí yìí gbà. Èèpo tó bá ṣẹ́kù á dúdú nínú ọbẹ̀, á sì máa ha ọ̀nà ọ̀fun.

Ẹ da omi ife 4 àti àlùbọ́sà kékeré kan tí ẹ gé sí i, ẹ gbé e kaná. Bó bá ṣe ń hó ni ìfófòó á máa dìde. Ẹ fi ṣíbí gbọ́n ọn kúrò. Ẹ má tíì fi iyọ̀ sí i. Àwọn kan máa ń fi kán-ún sí i kó lè tètè jinná, ṣùgbọ́n èmi kì í fi sí i, nítorí ó máa ń yí adùn ẹ̀wà padà. Bí ó bá tó bíi wákàtí kan, tí ẹ fi ṣíbí tẹ ẹ̀wà tó sì yọ́, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi ìjábẹ̀ jà á dáadáa, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ ìlọta, ẹ lè fi lọ̀ ọ́, kò burú.

Ẹ dá a padà sínú ìkòkò. Ẹ fi ata gígún, irú tí ẹ ti gún díẹ̀, epo pupa ṣíbí 2 àti iyọ̀ sí i. Ẹ dín iná kù, kó máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì máa rò ó kan ìsàlẹ̀, torí gbẹ̀gìrì tètè ń jó. Bó bá jó, ẹ má ha ìdí ìkòkò o. Ẹ rọra da ti òkè sínú ìkòkò mìíràn, á bọ́ lọ́wọ́ òórùn jíjó.

Ìyá kan tó ń ta àmàlà nítòsí ilé wa ló kọ́ mi bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti ki tó. Wọ́n á bu ìgbakọ kan, wọ́n á gbé e sókè dé èjìká, wọ́n á da á padà sínú ìkòkò. Bó bá ń já bọ́ kélekèle, ó ti ki jù. Bó bá ń tú yàà, kò tíì tó. Bó bá wá ń sọ̀ kalẹ̀ bí okùn wúrà kan ṣoṣo tí kò já, wọ́n á ní, “Ó ti dé.” Ẹ rántí pé ó tún máa ń ki bó bá ń tutù, nítorí náà ẹ jẹ́ kó ṣàn díẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ.

Oúnjẹ Ṣàngó ni àmàlà àti gbẹ̀gìrì. Nígbà tí àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú dé Brazil, orúkọ náà bá wọn lọ. Àwọn oníCandomblé, ìyẹn àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ní Bahia ní Brazil, ṣì ń se amalá fún Xangô, Ṣàngó tiwọn, ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, ṣùgbọ́n ilá àti epo pupa ni wọ́n fi ń sè é. Ní Cuba, ìyẹ̀fun àgbàdo ni wọ́n ń pè ní amalá, ilá ni wọ́n sì máa ń fi tì í lẹ́yìn. Èlùbọ́ kò bá wọn dé ọ̀hún, orúkọ dé. Mo máa ń ronú kan àwọn èèyàn yẹn bí mo bá ń ro ìkòkò yìí.

Ewédú

Ẹ já ewé kúrò lára igi, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ jẹ́ kí omi bí ife 1 hó, ẹ ju kán-ún tí kò ju èso ẹ̀wà kan lọ sí i, kí ẹ da ewé sí i. Ẹ má dé e, kó má baà pọ́n. Láàárín ìṣẹ́jú 5 á ti rọ̀. Ẹ fi ìjábẹ̀ jà á nínú ìkòkò náà títí á fi máa yọ̀, ẹ fi irú àti iyọ̀ sí i, kó hó ìṣẹ́jú kan sí i. Ó tán. Ẹ̀rọ ìlọta máa ń lọ̀ ọ́ kúnná jù; bó bá jẹ́ òun ni ẹ ní, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì péré.

Ní ti ọbẹ̀ ata, bí ẹ ṣe ń dín in nílé náà ni: tàtàṣé, ata rodo, àlùbọ́sà, epo pupa, omi ẹran. Ẹ fi ṣàkì, pọ̀nmọ́ tàbí ògúnfe sí i.

Ríro àmàlà

Ẹ jẹ́ kí gbogbo ọbẹ̀ wà nílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Omi ife 4, èlùbọ́ bíi ife 2.

Kí omi hó yaya. Ẹ bu ààbọ̀ ife nínú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ dín iná kù pátápátá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í, torí bí iná bá le, ìta èlùbọ́ á jinná kí omi tó wọ inú rẹ̀, ìyẹn ló ń di kókó. Ọwọ́ òsì á máa da èlùbọ́ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún á máa fi ọmọ orógùn rò ó, kò gbọdọ̀ dúró. Bí ẹ bá rí kókó, ẹ fi ọmọ orógùn tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìkòkò, á fọ́. Ẹ má sáré da èlùbọ́ kún un.

Bó bá ti dì, ẹ da omi tí ẹ bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn lé e lórí, ẹ má rò ó, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 3 sí 5. Ẹ ó gbọ́ tí á máa hó púkẹ́púkẹ́. Ẹ ṣí i, kí ẹ wá fi agbára rò ó títí á fi máa dán, tí á sì máa ṣí kúrò lára ìkòkò. Àmàlà tó jinná kì í ní òórùn èlùbọ́ tútù mọ́.

Ẹ fi omi ra abọ́ kékeré, ẹ fi í bu àmàlà. Ẹ bu gbẹ̀gìrì sí apá kan, ewédú sí apá kejì, ọbẹ̀ ata àti ẹran sáàárín. Ẹ fọ ọwọ́. Ẹ jẹ ẹ́ kó tó tutù.

Àmàlà tó bá ṣẹ́kù, ẹ dì í sí ọ̀rá, ẹ kó o sínú kúlà, á ṣì gbóná di ìrọ̀lẹ́. Gbẹ̀gìrì á ti dì bó bá di ọjọ́ kejì. Ẹ fi omi gbígbóná díẹ̀ là á kí ẹ tó gbé e padà kaná.