Bí A Ṣe Ń Fi Eré Speedway Jẹun

Speedway jẹ́ eré ìje alùpùpù, alùpùpù rẹ̀ kò sì ní bíréèkì. Jíà kan ṣoṣo ló ní, kò ní iná iwájú, kò ní dígí. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 500cc, òfin sì ní kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju 77 kílò lọ. Bajaj tó ń gbé èrò lójú pópó wa wúwo jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnì Bajaj kò tó ìdajì tirẹ̀. Àwọn mẹ́rin ló ń sáré pọ̀ lórí ilẹ̀ erùpẹ̀. Wọ́n á yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹrin, apá òsì nìkan ni wọ́n ń yà sí, gbogbo rẹ̀ kì í sì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹni tó bá ṣáájú gba pọ́ìntì mẹ́ta, ìkejì gba méjì, ìkẹta gba ẹyọ kan, ìkẹrin padà lọ́wọ́ òfo.

Ẹ fi ọwọ́ òfo yẹn sọ́kàn, nítorí pọ́ìntì ni oúnjẹ nínú iṣẹ́ yìí. Ohun tí ẹ bá rí gbà lórí pápá lálẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ ó fi ra epo, tí ẹ ó fi sanwó mẹkáníìkì, tí ẹ ó fi bọ́ ilé.

1. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀

Australia ni eré yìí ti gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1920. Ó dé High Beech, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 1928. Poland ni owó rẹ̀ wà jù lónìí, ṣùgbọ́n England, Sweden àti Denmark náà ní líìgì tiwọn. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé Manchester, Sheffield tàbí Ipswich, pápá rẹ̀ wà nílùú yín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí bọ́ọ̀lù nìkan la sábà máa ń mú ọmọ wa lọ wò.

Ìdíje àgbáyé wà fún ọmọdé. Speedway Grand Prix (SGP) ni orúkọ ìdíje àgbáyé eré yìí: SGP4 jẹ́ ti àwọn ọmọ ọdún 11 sí 13 lórí alùpùpù 190cc, SGP3 wà lórí 250cc, SGP2 sì jẹ́ ti àwọn tí kò tíì kọjá ọdún 21. Bartosz Zmarzlik, ọmọ Poland tó ti gba ife àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹfà, jẹ́ ọmọ ọdún 19 péré nígbà tó gba ìje Grand Prix ní Gorzów, ní Poland, lọ́dún 2014. Bàbá Tai Woffinden ti gun speedway kí ọmọ rẹ̀ tó gun ún; ọmọ náà gba ife àgbáyé fún ilẹ̀ Bírítéènì ní 2013, ó jẹ́ ẹni ọdún 23. Àwọn ọmọ báyìí ti mọ òórùn epo yìí kí wọ́n tó mọ ìwé kà dáadáa.

2. Ẹ wá aṣọ àti bàtà irin

Akoto tó bo gbogbo orí, gíláàsì ojú, ohun ìdáàbòbò ẹ̀yìn, aṣọ tó nípọn, ìbọ̀wọ́. Bàtà irin ni èyí tó ṣàjèjì níbẹ̀: pẹpẹ irin tí wọ́n ń dè mọ́ abẹ́ bàtà òsì, torí ẹsẹ̀ òsì ni yóò máa wọ́ nílẹ̀ ní gbogbo kọ́nà. Ẹ má ra alùpùpù tuntun ní ìbẹ̀rẹ̀. Àlòkù tó dára tó fún ọdún àkọ́kọ́, ẹ ó sì ṣubú lórí rẹ̀ dáadáa.

3. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń yọ̀

Nígbà tí kò sí bíréèkì, kí la ó fi dín eré kù? Ìyọ̀ ni. Bí ẹ bá ń wọ kọ́nà, ẹ tẹ̀ sí òsì, ẹ ju ẹsẹ̀ òsì síwájú, kí ẹ sì fúnná, ìyẹn ni pé kí ẹ fún ẹ́ńjìnì ní epo sí i. Táyà ẹ̀yìn á máa yí ju bí ilẹ̀ ṣe lè gbá a mú lọ, ìdí alùpùpù á gbá jáde sí ọ̀tún. Nígbà náà ni ẹ ó yí ọwọ́ alùpùpù sí ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ òsì ni ẹ ń lọ.

Ẹ̀rù á ní kí ẹ pa iná. Ẹ má pa á lójijì! Bí ẹ bá pa á, táyà ẹ̀yìn á gbá ilẹ̀ mú lẹ́ẹ̀kan náà, alùpùpù á nà ṣánṣán, á sì gbé yín lọ bá ògiri. Iná yẹn ló ń mú yín yí kọ́nà. Ẹni tó ti gun ọ̀kadà fún ọdún púpọ̀ lè rí ìnira jù níbí, torí ọwọ́ rẹ̀ á ṣì máa wá bíréèkì. Ẹ máa yí kọ́nà kan ṣoṣo nínú pápá tó ṣófo, wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́, títí ọwọ́ á fi gbàgbé bíréèkì.

4. Ẹ kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ju ohun gbogbo lọ

Bí àwọn mẹ́rin bá dé ìlà, ẹ ó rí wọn tí wọ́n ń fi bàtà ha ilẹ̀. Ibi tí erùpẹ̀ ti ki tó sì lọ́rinrin díẹ̀ ni wọ́n ń wá, kí táyà ẹ̀yìn lè rí nǹkan dì mú. Wọ́n á gbẹ́ ojú ọ̀nà tóóró síbẹ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n ní láti múra tán.

Lẹ́yìn náà, àyà á tẹ̀ síwájú, ìka ọwọ́ òsì á fa kílọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ ọ̀tún á fún ẹ́ńjìnì níná títí ariwo rẹ̀ á fi gba gbogbo pápá. Tẹ́ẹ̀pù, okùn tí wọ́n nà dí ìlà ìbẹ̀rẹ̀, ni kí ojú yín wà lára rẹ̀. Ẹ má wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Bí tẹ́ẹ̀pù bá ti ń gbéra, ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá tú u pátápátá lẹ́ẹ̀kan náà, táyà iwájú á fò sókè. Bí ẹ bá pẹ́, erùpẹ̀ táyà àwọn mẹ́ta ni yóò máa bá yín lójú. Bí ẹ bá fara kan tẹ́ẹ̀pù kó tó gbéra, wọ́n lè lé yín jáde nínú ìje náà, pọ́ìntì ti lọ.

Ó ṣòro láti kọjá ẹni tó kọ́kọ́ dé kọ́nà kìn-ín-ní. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí ìdajì ìdánrawò yín jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀.

5. Ìwé àṣẹ àti ẹgbẹ́

Àjọ alùpùpù orílẹ̀-èdè tí ẹ wà ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ. Bí ẹ bá ti gbà á, ẹ wá ẹgbẹ́ kékeré tí ẹ ó ti máa rí ìje sá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kí ẹ máa gun ún lóòrèkóòrè níbi kékeré sàn ju kí ẹ máa jókòó sẹ́yìn ní ẹgbẹ́ ńlá.

6. Ẹ ṣírò owó yín

Ọ̀gá ara ẹni ni ẹni tó ń gun speedway. Alùpùpù tirẹ̀ ni, ọkọ̀ tó ń kó o tirẹ̀ ni, mẹkáníìkì tirẹ̀ ni. Ẹgbẹ́ lè fún un lówó ìbuwọ́lùwé, àmọ́ iye pọ́ìntì ló ń sọ iye tó kù.

Ìje 15 ló wà nínú ìfigagbága líìgì kan, ẹni méjì láti ẹgbẹ́ kan kojú méjì láti èkejì. Pọ́ìntì mẹ́fà wà nínú ìje kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ jẹ́ 90, ẹgbẹ́ tó bá ní 46 ti borí. Bí ẹ bá sá ìje márùn-ún tí ẹ sì gba gbogbo rẹ̀, 15 nìyẹn. Bí ẹ bá dé lẹ́yìn ẹni ẹgbẹ́ yín tí ẹ sì ṣáájú alátakò, ẹgbẹ́ á san pọ́ìntì kan lé e fún yín. Ẹwà eré yìí wà níbẹ̀ lójú mi: ẹni tó bá dúró dí ọ̀nà mọ́ alátakò nítorí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò pàdánù.

Ẹni tó bá yege lè sáré ní England lọ́jọ́ Ajé, Sweden lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Denmark lọ́jọ́rú, Poland ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ó máa kọ gbogbo pápá sí: bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe le tó, ìwọ̀n jíà tí ẹ fi sí i, ẹni tó borí. Bí ẹ bá padà débẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ìwé yẹn á san owó fún yín.

7. Ẹ tọ́jú ara yín

Greg Hancock ti Amẹ́ríkà gba ife àgbáyé ìkẹyìn rẹ̀ ní 2016, ẹni ọdún 46 ni. Darcy Ward ti Australia jẹ́ ẹni ọdún 23 péré nígbà tó ṣubú ní Zielona Góra, ní Poland, lóṣù Kẹjọ ọdún 2015, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sì bàjẹ́, orí kẹ̀kẹ́ arọ ló wà láti ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé kò sí ẹni tó ní ẹ̀bùn tó o láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ san owó ìbánigbófò kí ẹ tó ra ẹ́ńjìnì kejì.

Bí ẹni tó wà níwájú yín bá ṣubú, ẹ tẹ́ alùpùpù yín nílẹ̀, ẹ jẹ́ kó yọ̀ lọ. Epo mẹ́táńọ́ọ̀lù ló ń lò, iná rẹ̀ kì í sì hàn dáadáa lọ́sàn-án, torí náà ẹ má sáré padà lọ gbé e. Okùn kan sì wà tí a ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún. Bí ẹ bá jábọ́, á fà yọ, ẹ́ńjìnì á kú. Ẹ so ó ní gbogbo ìgbà, kódà bó jẹ́ pé ìdánrawò ìyípo kan ni ẹ fẹ́ lọ ṣe.